Ọ̀nà tí Ọkọ̀ Kò Pọ̀ Kì í Ṣe Ọ̀nà tí Ọkọ̀ Kò Sí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo bá wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Orúkọ ọ̀nà ni. Bí a bá sọ ọ̀nà ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tí ó bá gba orúkọ náà gbọ́ lè fara gbọgbẹ́, ó sì lè pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ pàápàá.

Ọ̀nà tí mo ń sọ wà ní ilẹ̀ Faransé, ní àwọn àfonífojì odò tí ó jìnnà sí ìlú ńlá, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n di ẹrù wọn mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì ń sùn níbi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí. Ìrìn-àjò yìí gbajúmọ̀ púpọ̀. Ìwé pẹlẹbẹ tí a fi ń pe àlejò sí irú agbègbè bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ sọ fún wa pé ọ̀nà ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, pé ọkọ̀ kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹjọ́ tí mo ní kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀pọ̀ ìgbà ni irọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àwọn tí kò lágbára ni irọ́ náà sì ń pa lára. Ọ̀nà tí ọkọ̀ kò pọ̀ kì í ṣe ọ̀nà tí ọkọ̀ kò sí. Ẹni tí ó bá pa méjèèjì pọ̀, ìbáà ṣe nítorí owó, ìbáà ṣe nítorí ìmẹ́lẹ́, ó yẹ kí a dá a lẹ́kun.

Àwọn Faransé fúnra wọn kò pa méjèèjì pọ̀. Wọ́n ní voie verte, wọ́n sì ní véloroute. Ìwé òfin ojú pópó wọn ni ó sọ ohun tí èkínní jẹ́ ní ọdún 2004: ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ pátápátá fún ohun ìrìnnà tí kò ní ẹ́ńjìnnì, fún ẹlẹ́sẹ̀, àti fún ẹni tí ó gun ẹṣin. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà, ‘pátápátá’. Òótọ́ ni pé aláṣẹ lè yọ̀ǹda fún ọkọ̀ kan nítorí ìdí pàtàkì, bí ọkọ̀ àwọn tí ń tún ọ̀nà náà ṣe, ṣùgbọ́n àyè tí a tọrọ ni èyí, kì í ṣe ẹ̀tọ́ gbogbo onímọ́tò. Véloroute ní tirẹ̀ jẹ́ ipa ìrìn-àjò gígùn tí a fi àmì tọ́ka fún oníkẹ̀kẹ́. Ó lè gba orí voie verte; ó lè gba etí odò tí a fọwọ́ gbẹ́; ó sì lè gba orí títì tí ọkọ̀ ń rìn tọ̀sán-tòru.

Báwo ni àwa yóò ṣe pe ìwọ̀nyí ní èdè wa? Bí a bá tú voie verte ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò di ‘ọ̀nà aláwọ̀ ewé’. Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé koríko ni ó bo ọ̀nà náà, tàbí pé ẹnì kan ni ó kùn ún ní ọ̀dà. Kò ní mọ̀ pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn lè dábàá ‘ọ̀nà aláìlọ́kọ̀’. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i. Ọjọ́ tí àmì ohùn ìsàlẹ̀ bá jábọ́ lórí fáwẹ́lì tí ó gbẹ̀yìn, ọ̀nà náà ti di ti obìnrin tí kò ní ọkọ nílé! Nítorí náà ni mo ṣe yan ‘ọ̀nà aláìlẹ́ńjìnnì’, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ni òfin wọn fi ṣe òṣùwọ̀n. Fún véloroute, mo yan ‘ipa ìrìn-àjò kẹ̀kẹ́’. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀, kí ó mú un wá. Ohun tí n kò ní gbà ni kí orúkọ kan ṣoṣo bo méjèèjì mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ibi kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní ẹkùn Bourgogne, ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, odò kan wà tí ń jẹ́ Grosne. Odò kékeré ni. Ó ń ṣàn lọ sí ìhà àríwá láàrin pápá tí àwọn màlúù funfun ti ń jẹko, títí yóò fi bọ́ sínú odò Saône. Ọkọ̀ ojú irin ti ń gba àfonífojì yìí kọjá rí. Nígbà tí kò rìn mọ́, wọ́n hú irin kúrò, wọ́n sì tẹ́ ojú ọ̀nà náà fún ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́. Ní ọdún 1997 ni wọ́n ṣí i láti Givry dé Cluny, kìlómítà 44, òun ni a sì kà sí ọ̀nà aláìlẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Faransé. Ẹni tí ó bá gbéra ní Givry yóò kọ́kọ́ rí ọgbà àjàrà. Yóò kọjá ní Buxy àti ní Saint-Gengoux-le-National. Lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ sí àfonífojì odò Grosne ní ìhà Cormatin, níbi tí ilé ńlá àwọn ọlọ́lá àtijọ́ kan wà. Yóò gba ìsàlẹ̀ òkè Taizé, ibi tí Frère Roger tẹ̀dó sí ní ọdún 1940, tí àwọn ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ sì ń wọ́ lọ láti ilẹ̀ púpọ̀. Yóò wá dé Cluny, níbi tí a ti dá ilé àwọn mọ́ńkì olókìkí sílẹ̀ ní ọdún 910.

Mo ti gun kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà yìí, mo sì mọ ìdí tí ó fi rọrùn. Ọkọ̀ ojú irin kò lè gun òkè tí ó dúró ṣánṣán, nítorí pé ẹsẹ̀ onírin rẹ̀ yóò máa yọ̀ lórí irin. Àwọn tí ó la ojú irin ní láti gé òkè lulẹ̀ kí wọ́n sì fi erùpẹ̀ kún kòtò, tí ó fi jẹ́ pé nínú mítà 100, ọ̀nà náà kì í sábà fi ju mítà 2 tàbí 3 lọ sókè. Iṣẹ́ àṣekára àwọn tí ó ti kú tipẹ́ ni ó sọ òkè di pẹ̀tẹ́lẹ̀ fún wa. Ìdí nìyí tí mo fi rí ìyá arúgbó tí ń gun kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, tí ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Tí mo rí bàbá kan nínú kẹ̀kẹ́ arọ tí ó ń fi ọwọ́ wà. Tí mo rí ọmọdé tí kò tíì ju ọdún 6 lọ, tí ń wà síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ewúrẹ́ tí ó já okùn, tí ìyá rẹ̀ kò sì pariwo mọ́ ọn. Ẹ tún èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn kà. Ìyá náà kò pariwo. Níbi tí ọkọ̀ lè ti yọ lójijì, kò sí ìyá tí yóò dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo ń jà fún nìyẹn.

Àwọn kan nínú àwa tí a jọ ń gun kẹ̀kẹ́ máa ń pa òwe fún mi. Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ara. Wọ́n ní títì abúlé fẹ̀ tó, kí ọkọ̀ máa lọ, kí kẹ̀kẹ́ máa lọ. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n wọn kò lò ó síbi tí ó tọ́. Ẹyẹ àti ẹyẹ ni òwe náà ń sọ. Ẹran ara ni àwọn méjèèjì. Ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹyẹ méjì. Láti ọdún 2018 ni òfin Faransé ti fi kìlómítà 80 láàrin wákàtí kan ṣe òdiwọ̀n eré ní títì alápá méjì tí kò ní ìdènà láàrin, lẹ́yìn ìlú. Àwọn ẹkùn kan sì ti dá a padà sí 90 lẹ́yìn náà. Agunkẹ̀kẹ́ tí ó di ẹrù ń lọ ní bíi kìlómítà 16. Eré ọkọ̀ jẹ́ ìlọ́po 5 eré tirẹ̀, ṣùgbọ́n agbára ìkọlù kì í bá eré pọ̀ ní dọ́gbandọ́gba: eré ìlọ́po 5 yóò bí agbára ìlọ́po 25 lórí kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ka iye kìlógíráàmù tí ó wà nínú ọkọ̀ kún un. Òfin ní kí awakọ̀ fi mítà 1.5 sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń ya oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í jókòó sínú ọkọ̀, kì í sì í di ìdarí ọkọ̀ mú.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣètò ìrìn-àjò, tí n kò ní dárúkọ, ta ìrìn-àjò ọjọ́ mẹ́rin fún èmi àti ọmọ àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 10, ní àfonífojì odò mìíràn. Ìwé wọn sọ ní kedere pé ọkọ̀ kò sí lójú ọ̀nà náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àmì ojú ọ̀nà darí wa sórí títì fún kìlómítà 7. Ọkọ̀ akẹ́rù kan sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbá ọmọ náà sínú koríko. Kò ṣèṣe, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó sọ̀ kalẹ̀, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó sì wí fún mi pé, ‘Ẹ̀gbọ́n màmá mi, ẹ ní ọkọ̀ kò sí níbí.’ Nígbà tí mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà, èsì tí wọ́n fún mi ni pé ọkọ̀ ibẹ̀ kò pọ̀. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ọkọ̀ kò pọ̀ lóòótọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó tó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí a pa ipa ìrìn-àjò kẹ̀kẹ́ rẹ́. La Loire à Vélo, tí ó ń tẹ̀ lé odò Loire fún bíi kìlómítà 900, láti ìtòsí Nevers títí dé etí òkun ní Saint-Brevin-les-Pins, jẹ́ ohun tí ó yẹ kí ilẹ̀ Faransé máa fi yangàn. Ó gba àárín apá àfonífojì tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún gbogbo ayé ní ọdún 2000 kọjá, ó sì jẹ́ ara EuroVelo 6 tí ó lọ títí dé Òkun Dúdú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú kìlómítà rẹ̀ ni ó wà lórí títì kéékèèké. Ẹni tí ó dàgbà, tí ó sì mọ ọ̀nà, yóò gbádùn rẹ̀. Kí a sáà sọ ọ́ bí ó ti rí. ‘Kò pọ̀’ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ń yí padà: títì tí ó pa lọ́lọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun lè kún ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ nígbà tí àwọn ènìyàn ń lọ síbi iṣẹ́, tàbí nígbà ìkórè, tàbí nínú oṣù kẹjọ nígbà tí gbogbo Faransé gba ìsinmi. ‘Kò sí’ kì í yí padà.

Àwọn mìíràn ní fàájì àwọn olówó ni ọ̀rọ̀ yìí, pé kò yẹ kí a fi owó ìlú tẹ́ ọ̀nà fún ẹni tí ń ṣeré. Àwọn wọ̀nyí kò mọ ìtàn. Ní ọdún 1936 ni òfin kọ́kọ́ fún gbogbo òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Faransé ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì tí a ó san owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gùn lọ wo odò àti òkun, ọkọ àti aya, lórí kẹ̀kẹ́ alárìnpọ̀. Ṣáájú wọn ni Paul de Vivie, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Vélocio, ti fi ìwé ìròyìn rẹ̀, Le Cycliste, wàásù ìrìn-àjò kẹ̀kẹ́ ní Saint-Étienne. Ní ọdún 1930 ni trámù kọlù ú ní ìlú náà, tí ó sì kú, bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà ayé àwọn wọ̀nyí, títì abúlé ṣì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ọkọ̀ ni ó dé tí ó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó ń la ọ̀nà aláìlẹ́ńjìnnì kò fún ọlọ́rọ̀ ní ẹ̀bùn. Ohun ìní tálákà ni ó ń dá padà. Àbùjẹ kò sì bá ti abúlé jẹ́: ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin kìlómítà 50 lójúmọ́ gbọ́dọ̀ jẹun, ó gbọ́dọ̀ sùn. Ọkọ̀ tí ó ń sáré 80 kì í dúró ra búrẹ́dì.

Ẹ̀sùn tí ó wúwo jù lọ ṣì kù, n kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àwọn kan ní ojú irin ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ títí di òní. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá SNCF sílẹ̀ ní ọdún 1938 ni ọ̀pọ̀ ojú irin abúlé ti ń pàdánù ọkọ̀ èrò wọn. Ìyá arúgbó tí kò lè wa ọkọ̀, tí yóò lọ rí dókítà lọ́jọ́ òtútù, kí ni kẹ̀kẹ́ yóò ṣe fún un? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mo sì gbà á. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ pa ọkọ̀ ojú irin tí ó ṣì ń gbé ènìyàn, tí ó ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni òun yóò fi rọ́pò rẹ̀, n kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti kú tipẹ́, kí ni ń ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ náà bí a bá fi í sílẹ̀? Ẹni kan yóò ra tirẹ̀ kọ́lé, ẹlòmíràn yóò fi ọgbà yí tirẹ̀ ká, afárá yóò wó. Ọ̀nà tí a ti gé sí ogún ọ̀nà kò ní dàpọ̀ mọ́ láéláé. Ọ̀nà aláìlẹ́ńjìnnì ni ó mú kí ilẹ̀ náà wà ní ẹyọ kan, lọ́wọ́ ará ìlú. Bí àwọn ọmọ wa bá fẹ́ dá ọkọ̀ ojú irin padà lọ́la, wọn yóò bá ààyè rẹ̀ nílẹ̀.

Ó wá kan àwa oníkẹ̀kẹ́. Àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n ń sáré ní ọ̀nà Grosne bí ẹni ń du ipò nínú Tour de France, tí wọ́n ń jágbe mọ́ ọmọdé kí ó yà. Òfin gba kẹ̀kẹ́ tí iná mànàmáná ń ràn lọ́wọ́ láàyè, inú mi sì dùn sí i, nítorí pé òun ni ó gbé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà jáde; ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ náà gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró bí eré bá ti dé kìlómítà 25 láàrin wákàtí kan. Èyí tí ó lè sáré 45, alùpùpù ni òfin kà á sí, kò sì ní ohun tí ó wá ṣe níbẹ̀. Ní gúúsù Cluny, ihò abẹ́ òkè Bois Clair, tí ó gùn tó kìlómítà 1.6, máa ń wà ní títì pa nígbà òtútù nítorí àwọn àdán tí ń sùn nínú rẹ̀, a ó sì gba orí òkè. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń kùn sí i. Èmi kò kùn. Ẹni tí ó bá ní kí alágbára rọra nítorí òun, kí òun náà rọra nítorí ẹni tí kò lágbára tó òun, ìbáà ṣe ọmọdé, ìbáà ṣe àdán.

Kí ni mo wá ń fẹ́? Mo ń fẹ́ kí gbogbo àwòrán ilẹ̀ tí a bá tà fún oníkẹ̀kẹ́ fi àwọ̀ mẹ́ta hàn: èyí tí ẹ́ńjìnnì kò sí, èyí tí ọkọ̀ kò pọ̀, àti èyí tí ọkọ̀ pọ̀, kí a sì kọ iye kìlómítà ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ojú ìwé kìn-ín-ní, kì í ṣe sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé ogójì. Mo ń fẹ́ kí ọkọ̀ dẹ eré rẹ̀ gidigidi níbi tí títì bá ti gé ọ̀nà aláìlẹ́ńjìnnì kọjá, nítorí ibẹ̀ ni ọmọdé tí ó ti gbàgbé pé ọkọ̀ wà láyé yóò ti pàdé rẹ̀. Lọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè, tí ẹ ó di ògbufọ̀ lọ́la, mo ń tọrọ ohun kan ṣoṣo. Bí a bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún yín láti tú sí Yorùbá, tí ẹ bá rí i pé ‘ọkọ̀ kò sí’ ni wọ́n kọ, ẹ bèèrè ná pé ṣé kò sí ni, àbí kò pọ̀? Bí wọn kò bá lè dáhùn, ẹ má tú u. Ọmọdé kan lè wà tí yóò gba ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ gbọ́.